Ráútà wa kì í kú mọ́: bí mo ṣe fi sólà gbé íńtánẹ́ẹ̀tì ró nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ oko bàbá ọkọ mi la kọ́lé sí, lójú ọ̀nà Ìlọrin, òpó iná kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ mi obìnrin wà ní LAUTECH, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Orí WhatsApp lèmi náà ti ń ta aṣọ òkè.

Ẹ wo ara ṣájà ráútà yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Ẹ ó rí 12V níbẹ̀, pẹ̀lú 1A tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bátìrì sólà náà, 12V ni. Kí la wá fẹ́ fi ínfátà ṣe? Mo kọ́kọ́ rà á, ó sì dùn mí. Ínfátà á sọ 12V di 230V, ṣájà á tún sọ ọ́ padà di 12V, iná á máa ṣòfò lálọ lábọ̀. Ínfátà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú bátìrì tọ̀sán tòru. Kí àkùkọ tó kọ, ráútà ti kú.

Ẹ má kàn so ráútà mọ́ bátìrì lásán o. Bí oòrùn bá ń rọ iná sí i, fóltì (V) bátìrì lè ga ju 14V lọ. Lóru, ó lè rẹlẹ̀ ju 12V. Ẹ béèrè buck-boost 12V lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ, òun ló ń mú un dúró sójú kan. Ẹ fi fíúsì sí wáyà pósítíìfù, nítòsí bátìrì gan-an.

Ká ní ráútà ń jẹ wáàtì 10: ní wákàtí 24, ó di wáàtì-wákàtí (Wh) 240. Bátìrì lithium 12.8V, 50Ah, gba 640Wh (12.8 × 50), ìyẹn tó ọjọ́ méjì láìsí oòrùn. Bó bá jẹ́ bátìrì olójé (lead-acid), èyí tó wúwo bí òkúta nì, ẹ ra 100Ah, nítorí kò dáa kéèyàn lò ó kọjá ìdajì. Oòrùn Oṣù Kẹjọ ni kí ẹ fi ṣírò páńẹ́lì, kì í ṣe ti Oṣù Kejì. Wáàtì 150 ni mo rà.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ kọ́ńtúrólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́lì sínú bátìrì, kí páńẹ́lì tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń tú u, páńẹ́lì ni kó ṣáájú.

Ẹ dúró kí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ: ọwọ́ ọ̀tún yín ni gúúsù, ibẹ̀ ni kí páńẹ́lì kọjú sí. Ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí omi òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku a máa bò ó pátápátá. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ń fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún, kó tó gbóná.

Òjìji ló burú jù. Ìlú máńgòrò la wà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tó ṣíji bo igun páńẹ́lì lè mú kí agbára gbogbo rẹ̀ já wálẹ̀, torí pé ńṣe ni wọ́n so àwọn ojú rẹ̀ tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka náà, tàbí kí ẹ sún páńẹ́lì. Èmi sún tèmi, torí ìyá ọkọ mi ni wọ́n fọwọ́ ara wọn gbin igi yẹn.