Bí mo ṣe wọn owó ilé tó ń gòkè l'Ábẹ́òkúta

Láti ₦200,000 bọ́ sí ₦320,000! Iye tí ajẹ́ńtì kọ sínú lẹ́tà tó mú wá bá wa l'Ọ́báńtokò nìyẹn, lórí yàrá méjì kan náà tí a ti ń gbé, tí ẹnikẹ́ni ò fi ọ̀dà kàn láti ìgbà tí a ti kó wọlé. Mo ní kí ló dé? Ó ní ṣebí ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde pé ọ̀wọ́ngógó ti dé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024, bẹ́ẹ̀ bàbá onílé ò fowó kún un láti ọdún méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó náà lọ.

Òótọ́ ni àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó ilé. Nínú ohun tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ nígbà náà, oúnjẹ nìkan lé ní ìdajì. Ilé, omi, iná àti gáàsì lápapọ̀ ò ju nǹkan bí ìdá 17 lọ. Nígbà tí wọ́n tún ìṣirò náà tò, ti oṣù Kìn-ín-ní 2025 bọ́ sí 24.48. Ta ni owó ilé rẹ̀ wálẹ̀ lóṣù náà? Mo bá ní màá wọn ti àdúgbò wa fúnra mi. Èmi ni mò ń ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ìṣirò kì í bà mí lẹ́rù.

Ti ọ̀dọ̀ àwọn ajẹ́ńtì ò le. Ṣùgbọ́n ilé tó ṣófo ni wọ́n ń dá lé, iye tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àlejò, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Ohun tí mo nílò ni rìsíìtì ẹni tó ti ń gbénú ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ há sí.

Ìyá kan ní, "Ṣé àwọn agbowó-orí ló rán yín ni?" Àwọn kan ní àwọn ti gbàgbé iye táwọn san. Èèyàn máa gbàgbé owó ilé? Ẹnì kan rò pé ilé òun ni mo fẹ́ gbà. Èyí tó mú inú bí mi jù ni ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń pariwo owó ilé ju gbogbo wa lọ nípàdé: ó kọ̀, kò fi ìwé kankan hàn mí. Ta ni mò ń ṣe é fún nígbà náà?

Nígbà tó yá, mi ò béèrè iye mọ́. Mo ní kí wọ́n ká ibi tí orúkọ wà mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi rìsíìtì ìgbà tí iye ti yí padà hàn mí pẹ̀lú ti ṣáájú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà ni mò ń fi wé ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni BLS, àjọ tó ń ṣírò ọ̀wọ́ngógó l'Ámẹ́ríkà, ṣe ń ṣe: ilé kan náà ni wọ́n ń padà sí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ibi tí onílé ti gbẹ́ kànga tàbí tó lẹ táìlì, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ìyàwó ilé ni kí ẹ bi. Àwọn ni wọ́n mọ ibi tí rìsíìtì wà. N bá mọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni n bá kọ́kọ́ lọ.

Bí yàrá bá ti ₦150,000 dé ₦240,000 láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ má pín ìdá 60 tó fi lé sí mẹ́ta kí ẹ pè é ní ìdá 20 lọ́dún. Owó tọdún yìí ń gun orí tèṣí ni. Ẹ fi 1.17, ìyẹn owó tèṣí pẹ̀lú ìdá 17 lórí rẹ̀, sọ 150,000 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, ẹ ó rí nǹkan bí 240,000. Ìdá 17 lọ́dún nìyẹn. Inú mi dùn gan-an nígbà tó bọ́ sí i! Owó ilé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nílé ò gòkè dé ìdajì 34.80 yẹn lọ́dún. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá ní Camp tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB ti ń du yàrá. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Bàbá onílé ni mo gbé ìwé náà lọ bá, mi ò gba ọ̀dọ̀ ajẹ́ńtì. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n ṣírò rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ní sìmẹ́ńtì náà ti wọ́n. Òótọ́ ni. A parí ẹ̀ sí ₦270,000. Ajẹ́ńtì ṣì ń béèrè kọmíṣọ́ọ̀nù lórí àgírímẹ́ǹtì tuntun. Mi ò tíì san án, mi ò sì ní san án. Ẹni tó bá báni wá ilé ló ń gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Òun ò bá mi wá ilé kankan lọ́dún yìí.