Ẹ Ń Lọ sí Kánádà láti Àbújá? Ìpínlẹ̀ Wo Lẹ Ń Lọ?

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi ní Kubwa tàbí Lugbe pé òun fẹ́ jápa lọ sí Kánádà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìpínlẹ̀ wo?" Ọ̀pọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní kí físà kọ́kọ́ jáde ná. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni ní físà lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá ti kúrò níwájú aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lẹ bọ́ sí. Òun ló máa sọ ìgbà tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí dókítà láìsanwó, iye tí onílé lè gbà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ tí ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà tó wà lápò yín ò ní wúlò mọ́, èdè tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ yín, àti bóyá ẹ máa lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ kọ́.

Ìpínlẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní province, àti agbègbè mẹ́ta tó wà lókè téńté níhà àríwá, ló para pọ̀ di Kánádà. Rọ́ṣíà nìkan ló tóbi jù ú lọ láyé. Ẹ lè kó Nàìjíríà mẹ́wàá sínú rẹ̀ kó má kún, síbẹ̀ ọdún 2023 ni àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mílíọ̀nù 40, ọ̀pọ̀ wọn ló sì fún mọ́ ìtòsí ààlà Amẹ́ríkà. Láti Toronto dé Vancouver, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ máa lò nínú ọkọ̀ òfurufú. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Calgary ló máa wá gbé yín ní Toronto, bí ẹni tó ń ti Gwarinpa lọ gbé èèyàn ní gáréèjì Utako. Aago gan-an ò bára mu: bí aago méjìlá ọ̀sán bá lù ní Àbújá nígbà òtútù, aago mẹ́fà àárọ̀ ló lù ní Toronto, òru ṣì ni ní Vancouver. Ẹ sọ fún màmá yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Ottawa ni olú-ìlú wọn, ìtàn rẹ̀ ò sì ní ṣàjèjì sí ará Àbújá. Toronto, Kingston, Montreal àti Quebec City ń du ipò náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ni Ọbabìnrin Victoria bá mú Ottawa lọ́dún 1857, ìlú kékeré kan tó wà láàárín àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó ń sọ Faransé. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ya Àbújá sọ́tọ̀ lọ́dún 1976. Gbogbo àwa tí à ń gbé ibí la mọ̀ pé orí ilẹ̀ àwọn Gbagyi la kọ́lé sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà sọ ọ́ síta. Ní Kánádà, wọ́n ń sọ ọ́: kí ìpàdé tàbí ayẹyẹ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dárúkọ àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ni ibẹ̀. Ní Ottawa, àwọn Algonquin ni. Tó bá di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, iléèwé lè ní kí ọmọ yín wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì gbà lọ́wọ́ òbí wọn, tí wọ́n kó lọ sí iléèwé tí wọ́n ti ń gbé, tí wọn ò jẹ́ kí wọ́n sọ èdè ilé wọn mọ́. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn aládùúgbò yín.

Láti ọdún 1971 ni ìjọba wọn ti kéde pé onírúurú àṣà ló ni ìlú, wọ́n sì sọ ọ́ di òfin lọ́dún 1988. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, èèyàn 23 nínú 100 ló jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti wá. Lágbègbè Toronto, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Kódà Hausa tí ẹ gbọ́ ní Kaduna tàbí Mìnà kò ní ṣòfò. Ẹ máa bá ọmọ Gánà tó dàgbà ní Zongo, àdúgbò tí wọ́n ti ń sọ Hausa, pàdé lọ́jọ́ kan, "Ina kwana" kan ṣoṣo á sì ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ti wọ inú físà pàápàá. Nínú ètò Express Entry tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 láti máa fi máàkì ṣa àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀, bí ìpínlẹ̀ kan bá yàn yín, 600 máàkì ló máa bọ́ sórí èyí tí ẹ ti ní, kò sì sí ohun mìíràn tó lè gbéni sókè tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìpínlẹ̀ tó yàn yín ń retí pé ẹ̀ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá bú ìbúra pé Saskatchewan lòun fẹ́, tó sì ti san owó ilé sílẹ̀ ní Toronto, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè di irọ́ pípa fún ìjọba. Quebec ò sí nínú Express Entry rárá. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣa àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ejẹ́ńtì tó kún Wuse àti Garki. Lábẹ́ òfin Kánádà, ẹni tó bá máa gbowó lọ́wọ́ yín láti ṣojú yín níwájú ìjọba wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà tàbí nótárì tó gbàṣẹ níbẹ̀, tàbí kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé College of Immigration and Citizenship Consultants, àjọ tó ń ṣàkóso irú àwọn ejẹ́ńtì bẹ́ẹ̀. Ẹ lè wo orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ àwọn ìlú náà. Toronto, ní Ontario, ni ọ̀pọ̀ wa máa ń dárúkọ torí pé ibẹ̀ la ní èèyàn sí. Èlùbọ́, irú àti ẹja gbígbẹ ò ní wọ́n yín níbẹ̀ tàbí ní Brampton tó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé owó ilé lè gbé èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó oṣù ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lójú tèmi, ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta tí kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ fi Toronto bẹ̀rẹ̀, àfi bí ará ilé kan bá fẹ́ gbà á sọ́dọ̀.

Calgary àti Edmonton wà ní Alberta, ìpínlẹ̀ elépo rọ̀bì. Kò sí owó orí ọjà ti ìpínlẹ̀ níbẹ̀, 5% ti ìjọba àpapọ̀ nìkan lẹ máa san, nígbà tó jẹ́ 13% ní Ontario. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà kì í sábà ní owó orí yìí nínú, nítorí náà ẹ má rò pé akáwó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, Edmonton ni wọ́n kọ́ mọ́sálásí àkọ́kọ́ ní Kánádà sí, Al Rashid, lọ́dún 1938. Ẹ ó nílò ìwé àkókò ìrun lọ́dọ̀ wọn, torí pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn Àbújá: lóṣù Kẹfà kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, lóṣù Kejìlá ó ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó lù, Àìlà àti Alásárì á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra.

Winnipeg, ní Manitoba, ni èmi gbé kí n tó padà wálé, n ò sì ní parọ́ fún yín: òtútù rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Jos. Ó lè já sí 30 lábẹ́ òdo lóṣù Kìíní. Àwọn onímọ́tò máa ń ki wáyà ẹ́ńjìnnì bọ iná mọ̀nàmọ́ná mọ́jú kí ọkọ̀ lè dáhùn láàárọ̀. Síbẹ̀ owó ilé ibẹ̀ kéré sí ti Toronto, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní ọjà Wuse, kí ẹ fi bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú nìkan ni. Ojúlówó wà lọ́hùn-ún, ẹ rà á níbẹ̀.

Òtútù Vancouver, ní British Columbia, ò le, òjò ló ń rọ̀ níbẹ̀, owó ilé sì ga. Halifax kéré, àmọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ti wà lágbègbè rẹ̀ láti nǹkan bí igba ọdún ó lé. Ìjọba ìlú wó àdúgbò wọn, Africville, láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́dún 2010. Ní Montreal, tó wà ní Quebec, Faransé lẹ máa fi jẹun. Láti ìgbà òfin ọdún 1977, iléèwé Faransé ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń lọ tó bá jẹ́ ti ìjọba. Ẹni tó ti gbé Kútọnu rí á rìn ín fàlàlà.

Ọ̀rọ̀ ilé ló máa ń ya ará Àbújá lẹ́nu jù. Níbí, onílé á ní kí ẹ kó owó ọdún kan tàbí méjì wá, ejẹ́ńtì á gba tirẹ̀, lọ́yà á gba tirẹ̀, owó caution á tún tẹ̀ lé e. Lọ́hùn-ún, oṣù-oṣù ni wọ́n ń san owó ilé, òfin ìpínlẹ̀ ló sì so ọwọ́ onílé. Ní Ontario, kò lè fi dandan gbà ju ti oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù ìkẹyìn lọ, ti oṣù ìkẹyìn yìí kì í sì í ṣe caution: owó ilé tí ẹ ó lò nígbà tí ẹ bá ń kó jáde ni. Ní Alberta, owó caution ò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù kan lọ. Ní British Columbia àti Manitoba, ìdajì owó oṣù kan ni. Ní Quebec, onílé ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè caution rárá, ọjọ́ kìíní oṣù Keje sì ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ilé máa ń parí, ìdajì ìlú á máa kó ẹrù lọ́jọ́ kan náà. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé kí ẹ san oṣù mẹ́fà kalẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé òfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan máa ń fínnú fíndọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ torí pé wọn ò tíì ní credit score, ìyẹn máàkì tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀ sí. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí onílé fi túláàsì gbà á.

Ẹ má fi owó ilé ránṣẹ́ láti Àbújá fún ilé tí ẹnikẹ́ni tí ẹ mọ̀ ò tíì fojú rí. Àwòrán dáradára, owó pọ́ọ́kú, "onílé wà lẹ́nu ìrìn àjò", bí gbájú-ẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn níbí àti lọ́hùn-ún. Ẹ gba ibùwọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ẹ fi wá ilé. Tí ẹ bá rí i, ẹ bèèrè bóyá owó ohun tó ń mú ilé gbóná wà nínú owó ilé. Ní Winnipeg, ìbéèrè yẹn lówó lórí.

Oore kan tó wà lára gbígbé Àbújá ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tí àwọn ará Èkó ń fọkọ̀ wá bá wà nítòsí yín. Ìpínlẹ̀ ló ń fún nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí ẹnjiníà láṣẹ láti ṣe iṣẹ́ tó kọ́ ní Kánádà, wọn á sì fẹ́ gbọ́ láti ẹnu àjọ tó forúkọ yín sílẹ̀ nílé. Àjọ àwọn nọ́ọ̀sì, ti àwọn dókítà àti COREN ti àwọn ẹnjiníà, ibí ni oríléeṣẹ́ wọn wà. Ẹ lọ ṣe é kí ẹ tó lọ. Transcript yín láti ABU Zaria, Bayero tàbí Ilọrin, iléèwé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, kò sì yá. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Wuse tó máa sọ ọdún tí ẹ ti ń wakọ̀. Ní Ontario, 60 ọjọ́ péré lẹ lè fi ìwé Nàìjíríà wakọ̀, ní Alberta 90 ọjọ́, lẹ́tà yẹn ni wọ́n sì fi máa ka ìrírí yín sí yín lọ́rùn. Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ gbé e sínú báàgì ọwọ́, nítorí iléèwé ní Ontario máa bèèrè rẹ̀. Tí WAEC yín bá sì ń jẹ́ Wálé tí pásípọ́ọ̀tù ń jẹ́ Adéwálé, ẹ tún un ṣe níbí.

Nọ́ńbà SIN lẹ máa kọ́kọ́ gbà tí ẹ bá dé, nọ́ńbà oní-9 tí ẹ ò lè ṣiṣẹ́ láìní. Service Canada, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń fúnni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sì kà á fún ẹni tó bá pè yín lórí fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan káàdì ìlera, tó tún jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ontario ò ní kí ẹ dúró mọ́. British Columbia máa ní kí ẹ parí oṣù tí ẹ dé, kí ẹ tún fi méjì kún un, nítorí náà ẹ ra ìbánigbófò ìlera aládàáni fún àkókò yẹn. Káàdì yìí ń sanwó dókítà àti ti ilé ìwòsàn. Eyín, awò ojú àti oògùn tí ẹ ń rà ní fámásì kì í sábà sí nínú rẹ̀. Dókítà ìdílé ṣòro rí, walk-in clinic, ilé ìwòsàn tí èèyàn lè wọ̀ láì kọ́kọ́ gba àyè, ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ. 911 ni fún pàjáwìrì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ẹ bá tẹ 811, nọ́ọ̀sì á bá yín sọ̀rọ̀ lóru láìgba kọ́bọ̀.

Ó ku owó orí. Kí ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin tó kọjá lọ́dọọdún, ẹ fi ìwé owó orí ránṣẹ́ sí CRA, àjọ agbowó orí ìjọba àpapọ̀, kódà bí ẹ ò bá rí iṣẹ́ kankan ṣe lọ́dún náà, tọkọtaya sì ni. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò owó ìtọ́jú ọmọ tí wọ́n ń san lóṣooṣù. Bí ọ̀kan nínú yín ò bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, owó náà lè dúró. Láàárín oṣù Kẹta sí Kẹrin, ẹ bèèrè ní láíbírì àdúgbò yín, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń bá ẹni tówó rẹ̀ kéré kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.