Bí Mo Ṣe Sọ Ewì Mi Di Ìwé ní Kàbà

Ewì mi kò sí lójú kan nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ di ìwé. Àwọn kan wà lẹ́yìn ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, àwọn kan wà nínú fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp fún àbúrò mi tó wà l'Ábújá, torí inú mọ́tò tàbí ìdí àdògán ni ewì ti máa ń bá mi, kì í bá mi nídìí tábìlì. Mo kọ́kọ́ tẹ gbogbo wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe wà, n ò tún nǹkan kan ṣe. Ẹni tó bá ń tún ewì kọ bó ṣe ń kó o jọ kò ní kó o jọ tán láéláé.

Ìgbà tí wọ́n pé tán ni mo wá etí tí yóò gbọ́ wọn. Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ọmọ Bùnú ni wọ́n, ọ̀kan lára àwọn Yorùbá ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Okun. Màmá yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ oríkì àti orin òkú ju àwa tá a ní ìwé ẹ̀rí lọ. Lálẹ́, tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, mo máa ń jókòó tì wọ́n, mo máa ń ka ewì kan tàbí méjì sókè. N kì í bi wọ́n pé ṣé ó dára. Ọwọ́ wọn ni mo ń wò. Tí ọwọ́ bá dúró lórí ẹ̀gúsí, ewì yẹn wọlé. Tí wọ́n bá ń bó o lọ láìdúró, mo fi àmì sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ewì tó ń pariwo ṣe bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó gùn gbọọrọ, tí mo fi ń bá àwọn aṣáájú wí: ojúkòkòrò, àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ọjọ́ ìdájọ́. Mo kà á tán, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta lò ń bá wí nínú eléyìí?" Mo ní gbogbo wọn ni, Màmá. Wọ́n ní, "Kò ní dun ẹnì kankan." Wọ́n mú ẹ̀gúsí mìíràn.

Ewì tó ń sọ̀rọ̀ ìlú tó sì dá ọwọ́ wọn dúró ni ti kajú. Láti bí oṣù Fẹ́búárì ni kajú ti máa ń bọ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn obìnrin á ṣà á, wọ́n á sá a, wọ́n á dì í sápò, ẹni tó fẹ́ rà á á sì gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ dé, òun ni yóò wọ̀n ọ́n, òun náà ni yóò dá iye lé e. Ewì yẹn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Iye owó ló kàn ń kà látẹnu obìnrin kan, àpò kan lẹ́yìn èkejì.

Ti aṣọ ipò ló fún mi níṣẹ́ jù. Aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun ni, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn olóyè ńlá. Láyé ọjọ́un, wọ́n á tú òwú pupa lára aṣọ tó ti òkè òkun wá, wọ́n á wá fi hun tiwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì ti fi kọ ewì olóhùn gíga kan nípa òyìnbó àti àwa. Màmá gbọ́ ọ dópin, wọ́n bi mí pé, "Òkú ta ni?" Mo lọ tún un kọ látòkè délẹ̀. Òkú bàbá ìyá mi ló wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú bí àwọn ọmọ ṣe ń jiyàn lórí owó ìsìnkú nínú yàrá, tí àlejò sì ń jẹun níta. Ìlà mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù fún òkè òkun.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n pín ìwé náà sí méjì, ewì ti ara mi lápá kan, ewì ti ìlú lápá kejì. Ọ̀pọ̀ ìwé ewì ló rí bẹ́ẹ̀. Mo tò ó bẹ́ẹ̀ wò, apá kejì sì gbẹ bí ìwé ìròyìn ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ wo èyí, tí mo kọ nípa ìgbà tá a gbé ìyá mi láti Kàbà lọ sí ilé ìwòsàn ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n tó fi kankéré ṣe ọ̀nà Ọbajánà:

Ọ̀nà ò gbọ́ ìkánjú.
Ìyá mi di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn mọ́tò.
Kòtò kan, wọ́n pe orúkọ bàbá mi;
kòtò kejì, wọ́n pe tèmi;
ìgbà tá a kan kòtò ńlá yẹn,
wọn ò pe ẹnì kankan mọ́.

Apá wo ni n bá fi èyí sí? Mo tú pínpín yẹn ká. Mo fi ewì ìlú kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ewì ẹni tó bí i: bàbá àgbà, kí aṣọ ipò tẹ̀ lé e, ìyá mi, kí ọ̀nà tẹ̀ lé e. Mo yọ orúkọ gbogbo òṣèlú kúrò, torí orúkọ òṣèlú tètè ń gbó ju bébà lọ. Mo pe àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà nínú ewì, mo kà á fún wọn. Àbúrò mi ní kí n yọ ìlà méjì. Ibẹ̀ ló dára jù nínú ewì yẹn, ṣùgbọ́n ayé rẹ̀ ni, mo yọ ọ́.

Ní ti èdè, Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá ti Kàbà, la ń sọ nílé. Mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi sílẹ̀ ní Owé, mo sì kọ ìyókù ní Yorùbá àjùmọ̀lò kí ará Yàgbà àti Ìjùmú, tí àwọn náà jẹ́ Okun, àti ẹni tó wà n'Íbàdàn, lè kà á. N ò fi ìtumọ̀ sísàlẹ̀. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká ti tó láti sọ ohun tó jẹ́.

Àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 ni mo tẹ̀ lé, mo sì fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀, torí ewì tí kò ní àmì, àfi kí òǹkàwé máa méfò. Ibí ni kọ̀ǹpútà ti fẹ́ dá mi lágara. "É" ní ààyè tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, "ẹ" náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" tó gbé méjèèjì kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì lé "ẹ" lórí. Tí irú lẹ́tà (font) tí ẹ̀ ń lò kò bá mọ iṣẹ́ yẹn, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ilé ìtẹ̀wé tí mo kọ́kọ́ lọ da àpótí bò mí lójú. Mo gba Charis SIL, irú lẹ́tà kan tó mọ iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ ni, mo fi to ìwé náà fúnra mi, mo sọ ọ́ di PDF tó gbé lẹ́tà náà sínú ara rẹ̀, èyí sì ni mo gbé fún àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe gbé fáìlì Word fún wọn. Bákan náà, ẹ wo ìlà tó gùn: bébà A5 kéré, tí ìlà bá sì ṣẹ́ níbi tí kò yẹ, èémí ewì ti bà jẹ́ nìyẹn.

Nọ́ńbà ISBN tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, Ilé Ìkàwé Ìjọba Àpapọ̀ ló ń fúnni. 13 ni òǹkà rẹ̀ láti 2007, 978-978 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ tiwa. Ẹ̀dà 3 ni òfin ní kí ẹni tó tẹ ìwé jáde fi ránṣẹ́ sí wọn. Ojú ìwé 64 ni mo jẹ́ kó jẹ́, torí ojú ìwé 16 ni wọ́n ń ká jáde lára bébà ńlá kan, 64 sì jẹ́ 16 lọ́nà mẹ́rin, bébà kò ṣòfò. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn kan ní kí n dúró de ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ńlá. Dénrelé Ọbasá tó ń tẹ The Yoruba News n'Íbàdàn kò dúró de ẹnì kankan. Ó ti tẹ ewì tirẹ̀ jáde ní 1927.

N ò ṣe ìkójáde ìwé. Níbi ìkójáde, àpò owó ni wọ́n ń wò, ìwé á sì wà lórí àga nígbà tí wọ́n bá lọ tán. Mo kà á níléèwé, mo kà á lẹ́yìn ìpàdé àwọn ọmọ Okun, mo sì gbé e lọ sọ́jà. Obìnrin kan tó ń ṣòwò kajú rà á, ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Nígbà tá a tún pàdé, ó ní, "Àǹtí, iye tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn ti di tàtijọ́ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀." Mo ní ewì ni, kì í ṣe ìwé iye ọjà. Kò gbà. Ó ní tí àwọn tó ń ra kajú bá rí i, iye yẹn ni wọ́n á fẹ́ san.