Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn màmá yín tó jẹ́ eléré ìdárayá sínú ìwé ètò ìsìnkú

Ní Ṣómólú níbí, iṣẹ́ tèmi ni pé kí n to ìwé ètò ìsìnkú kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìtàn ìgbésí ayé tí àwọn ẹbí ń gbé wá sábà máa ń jọra: màmá bẹ̀rù Ọlọ́run, wọ́n lawọ́, wọ́n fẹ́ràn àlejò. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá yọ orúkọ kúrò, ẹ lè fi sin ìyá ẹlòmíì. Nígbà tó wá kan màámi, tí wọ́n sá eré họ́dù, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń fo ìdènà, nígbà èwe wọn, mo sọ fún àwọn àbúrò mi pé eré yẹn la máa kọ́kọ́ kọ. Bó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é nìyí.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń sáré kò tí ì di ìyá ẹnikẹ́ni. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lára ìwé ẹ̀rí àti nínú ìwé ìròyìn, ẹni tó bá ń fi orúkọ ọkọ wá a nínú Daily Times àtijọ́ á wá a tì. Ẹ tún gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà, torí bí akọ̀ròyìn bá ṣe gbọ́ ọ ló ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ilé. A bá mẹ́dàlì tiwa nínú àpótí aṣọ, wọ́n wé e mọ́ ìpèlé aṣọ-òkè ìgbéyàwó wọn, káńfọ̀ wà láàárín. Okùn rẹ̀ ti ṣí, etí rẹ̀ sì ti ń mú àwọ̀ ewé. Àbúrò mi fẹ́ fi oògùn ìdán bàbà kàn án, mo ní kó fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì ló jẹ́ pé àwọ̀ wúrà ni wọ́n kàn fi bò ó lójú, oògùn yẹn á sì bó o. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó. Ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, ẹ yà á láìtan iná fóònù, níwájú àti lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń kọ ọdún àti orúkọ eré sí. Fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fi èékánná ṣí i. Òwú tín-ín-rín ni kí ẹ ki bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, bíi document ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, WhatsApp á fún un pọ̀, ojú màmá á sì ṣú lórí bébà.

Ọdún àti iye ló ń gba àkókò jù. Oṣù kìíní ọdún 1973 ni Nàìjíríà gbàlejò ìdíje gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ní pápá ìṣeré Súrúlérè. Ọdún yẹn kan náà ni ìdíje láàárín àwọn ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Súrúlérè náà ni, àwọn ọmọ sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Nínú ti Áfíríkà, Modupe Oshikoya ló gba wúrà fífò jìnnà, fífò sókè àti họ́dù 100 mítà. Tí ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí bá wá ní màmá yín ló gba wúrà họ́dù, ẹ rọra bi wọ́n bóyá ti ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wí. Fàdákà ìpínlẹ̀ tó jẹ́ òótọ́ sàn fún òkú ju wúrà Áfíríkà tí àwọn àgbà tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé irọ́ ni.

Ìpínlẹ̀ wo gan-an? Kò sí Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Oǹdó ṣáájú 1976, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni gbogbo wọn. Èkó ti dá dúró láti 1967. Yáàdì kì í ṣe mítà o: 100 yáàdì kò ju mítà 91 àti díẹ̀ lọ. Tí ìwé ẹ̀rí bá ní ìṣẹ́jú àáyá 14.1, ẹ má sọ ọ́ di 14.10. Aago ọwọ́ ni wọ́n fi kà á, bẹ́ẹ̀ ni kó wà. Tí wọ́n bá sì yan màmá fún Òlíńpíìkì Montreal ní 1976 tí wọn ò sáré, ẹ kọ ìdí rẹ̀: Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà ló kó eléré wọn kúrò torí pé ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand lọ ṣeré ní South Africa nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé wọ́n pàdánù.

Ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ sáré lọ, ẹ tan fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn wọn. Ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni màmá, “èèyàn dáadáa” ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n léèrè bàtà tí wọ́n wọ̀, ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹni tó na ọ̀pá sí wọn nínú rílè, eré tí èèyàn mẹ́rin ń sá ní àgbàsá. Àǹtí kan ní Èbúté Mẹ́ta ló sọ fún wa pé àpá orúnkún màámi, tí gbogbo wa rò pé omi gbígbóná ni, họ́dù ló ṣá wọn níbẹ̀, àti pé màámi ní kí wọ́n tún họ́dù náà tò kí àwọn tún un fò kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Àǹtí yẹn náà ló ní ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé láàárín họ́dù kan sí èkejì, màámi a sì máa kà á lábẹ́lẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Títí wọ́n fi dàgbà ni wọ́n ń ka àtẹ̀gùn ilé wa báyẹn, ẹ̀ta, ẹ̀ta. Ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí a kọ. Ilé ìwé, ìgbéyàwó àti oyè ìjọ tẹ̀ lé e, kò sì gùn.

Kí ẹ tó dá ìwé tí a tò padà fún wa, kí ẹnì kan di ìwé ẹ̀rí mú, kí ẹlòmíì máa ka gbogbo nọ́ńbà inú ìtàn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí màmá bá sá rílè, ẹ tún wo orúkọ àwọn mẹ́rin tó sá a dáadáa, torí wọ́n máa wá, wọ́n sì máa kà á. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá bára mu ni kí ẹ tó ní ká máa tẹ̀ ẹ́.