Kápù Ń Dún, Ìbọn Ò Yìn: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Ìbọn Tí À Ń Ti Ẹnu Kì

Àwọn tó ń ta ìbọn tí à ń ti ẹnu kì kì í sọ iye tí nǹkan ọ̀hún máa ná ẹni gan-an, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Àpò irinṣẹ́ tí wọ́n tà mọ́ tèmi, wọ́n ní ó pé. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù, ọta díẹ̀ àti ègé aṣọ ló wà níbẹ̀. Kò sí síkírùú tí à fi ń fa ọta tó há jáde, kò sí sípánà tí à fi ń tú nipple, ìyẹn irin ṣóńṣó kékeré tí kápù (ìdérí kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù nígbà tí òòlù ìbọn bá lù ú) ń jókòó lé, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí ìbọn wá kọ̀ tí kò yìn, wọ́n ní kí n pààrọ̀ kápù, mo pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n ra nipple mìíràn, mo rà á. Wọ́n ní ẹ̀tù mi ti rin, mo ra òmíràn. Owó ṣòfò lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ìbọn oníkápù ni tèmi. Inú rẹ̀ fẹ̀ tó .50 íǹṣì, ìlà inú rẹ̀ sì ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú 48 íǹṣì. Ìlà yìí ló yà á sọ́tọ̀ lára ṣakabùlà tí inú rẹ̀ dán gbọrọ: òun ló ń mú ọta yí bó ṣe ń lọ, kó má baà ṣe ségesège. Ọta òjé rọ́bótó tó jẹ́ .490 íǹṣì ni mo ń lò, pẹ̀lú aṣọ òwú tó nípọn tó .015 íǹṣì tí mo fi ń we é. Òjé tó rọ̀, tí wọn ò lú mọ́ nǹkan mìíràn, ni kí ẹ wá. Ẹ̀tù dúdú ni ẹ̀tù rẹ̀, FFg tàbí FFFg: bí F bá ṣe pọ̀ sí i ni hóró ẹ̀tù ń kúnná sí i. Mo fi 50 grain (òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń ka ẹ̀tù) FFFg bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n ni mo fi wọ̀n ọ́n, mi ò sì kọjá iye tí ẹni tó ṣe ìbọn kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín kò gbọdọ̀ wọ inú ìbọn yìí láé, bó ti wù kó kéré tó. Irin á fọ́ mọ́ yín lójú.

Kíkì rẹ̀ kò le. Inú òṣùwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí, kó tó dé ẹnu ìbọn. Ẹ má ti ẹnu ìwo ẹ̀tù dà á tààrà, torí ẹyin iná lè kù nísàlẹ̀, kó sì gun gbogbo ẹ̀tù inú ìwo tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ẹ̀tù, aṣọ tó ti gba gíríìsì; lẹ́yìn aṣọ, ọta. Igi kúkúrú ni ẹ ó fi tì í wọlé, kí ọ̀pá ìkìbọn tó gbé e dé orí ẹ̀tù. Ó gbọ́dọ̀ jókòó ṣinṣin, nítorí bí àlàfo bá wà láàárín ọta àti ẹ̀tù, irin ìbọn lè wú tàbí kó bẹ́. Mo fa ìlà méjì sára ọ̀pá ìkìbọn mi: ọ̀kan fún ìgbà tí ìbọn ṣófo, èkejì fún ìgbà tí ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ irinṣẹ́ tí ẹ lè fowó rà tó wúlò tó ìlà méjì yẹn. Kápù ló kẹ́yìn, nígbà tí ìbọn bá ti kọjú sí ibi tí ẹ fẹ́ yìn ín sí. Mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀rọ̀ gíláàsì ojú àti ohun ìdítí.

Ó wá ku ibi tí wọ́n ti fìyà jẹ mí. Ìbọn á kọ́kọ́ yìn, ó dáa. Màá nu inú rẹ̀, màá tún un kì, màá fi kápù lé e: tó! Kápù nìkan ló dún. Kápù mìíràn, tó! Ẹ̀tù ò gbiná rárá.

Ìdí ọ̀pọ̀ irú ìbọn yìí kò fẹ̀ tó ẹnu rẹ̀. Inú tó fẹ̀ tó .50 yẹn á sáré dín kù nísàlẹ̀ bí àrọ tí à fi ń rọ epo, á di ihò tóóró kan. Inú ihò yẹn ni ọ̀nà iná láti ìdí nipple ń já sí. Orí irin tí à fi ń nu ìbọn sì fẹ̀ tó inú ìbọn, kò lè wọ ibẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, ó ń gbá èérí ẹ̀tù àti omi ṣíwájú, ó ń rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú ihò náà. Ẹ̀tù tuntun dé, ó bá ẹrẹ̀ dúdú níbẹ̀. Iná kápù dé, ó kú sínú ẹrẹ̀. Òróró náà ń ṣe irú èyí: bí ìbọn tí wọ́n fi òróró pa bá dúró lórí ìdí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni òróró á ṣàn kalẹ̀ kó jọ síbẹ̀. Kò sí kápù tàbí nipple olówó gọbọi tó lè wo àìsàn yìí sàn, àwọn tó ń tà á sì yẹ kó mọ̀.

Báyìí, ẹnu ni mo ń dorí ìbọn kọ tí mo bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Kí ẹ̀tù kankan tó wọlé, màá kọ́kọ́ ki ọ̀pá wọ̀ ọ́ láti rí i pé ó ṣófo. Màá fi aṣọ gbígbẹ àti sípíríìtì díẹ̀ nu òróró kúrò, màá ki wáyà tí mo yí òwú mọ́ bọ ọ̀nà iná. Lẹ́yìn náà, màá yin kápù méjì pẹ̀lú ẹnu ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé koríko kan. Bí ewé bá mì, ọ̀nà ti là. Bí kò bá mì, ẹ má tíì da ẹ̀tù sí i.

Láàárín ìyìn kan sí òmíràn, ẹ fún aṣọ títí kò fi ní kán mọ́, kó kàn rin lásán. Kó wọlé lẹ́ẹ̀kan, kó jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gún un lọ sókè sódò. Aṣọ gbígbẹ ni kó tẹ̀ lé e. Mo tún fi fáìlì ha orí irin ìnubọn mi kó tín-ín-rín díẹ̀: nígbà tó bá ń wọlé, aṣọ á yọ̀ kọjá lórí èérí, nígbà tó bá ń jáde, aṣọ á ká jọ, á sì fa èérí bọ̀. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí ìbọn mi fi ń dáhùn nígbàkúùgbà tí mo bá pè é. Mo sì lè fi yangàn.

Bí ó bá kọ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù nínú, kí ẹnu rẹ̀ máa wo ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú kan gbáko, torí iná lè máa jó lábẹ́lẹ̀. Ẹ yin kápù mìíràn, kí ẹ tún dúró. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ tú nipple, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbo ọ̀nà rẹ̀, ẹ rọ hóró ẹ̀tù díẹ̀ sínú ihò náà, ẹ dá nipple padà. Kí ẹ tó fi kápù sí i, ẹ fi ọ̀pá ìkìbọn ti ọta kí ó lè dá yín lójú pé kò kúrò ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń yọ ọta tí ẹ̀tù ò ṣíwájú rẹ̀ wọlé náà nìyẹn.

Ní ti bíbá ohun tí a fojú sùn, aṣọ tó já bọ́ níwájú lẹ́yìn ìyìn ni kí ẹ bi léèrè. Nígbà tí gbogbo ìbọn bá ti dákẹ́, ẹ lọ ṣà á. Èyí tó dáa á ṣì wà lódindi, pẹ̀lú ojú dúdú láàárín. Bí àárín rẹ̀ bá jó, aṣọ fẹ́lẹ́ jù tàbí gíríìsì ò tó. Tèmi ń gé létí, torí etí ẹnu ìbọn tuntun mú. Mo fi àtàǹpàkò tẹ sáńpépà tó kúnná mọ́ ọn, mo ń yí i títí etí náà fi kú, mo sì bọ́ sórí aṣọ .018. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó máa fi ẹ̀tù kún un, 5 grain lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́, nítorí èérí ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á sì dípẹtà. Omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Ẹ tú nipple, ẹ ti ìdí ìbọn bọ inú garawa, kí ẹ máa fi aṣọ fa omi wọlé sókè sódò, kí búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ sì wọ ihò tóóró náà. Ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, ẹ fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Lórí aṣọ ọta ní tiẹ̀, ìda oyin àti ọ̀rá ẹran ni mo ń lò. Òróró mọ́tò máa ń bá èérí ẹ̀tù dì bí ọ̀dà. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ki aṣọ funfun wọ̀ ọ́ wò. Bó bá jáde ní àwọ̀ ìpẹtà, omi ọṣẹ lẹ ó tún padà sí.