Fídíò oníbọ́tìnnì fún mùsíọ́mù: àwọn àṣìṣe tó ń bí mi nínú

Mo ti sọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, níbi tí àlejò mùsíọ́mù ti ń tẹ bọ́tìnnì kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kí ẹ tó lọ ra ọjà.

Àkọ́kọ́, ẹ yéé fipá mú Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, láti gbé fídíò jáde. Kílóbáìtì 2 péré ni RAM Uno R3, ìyẹn ibi tó ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀. Àwòrán kan tó mọ́ kò lè gba ibẹ̀, áḿbọ̀sì fídíò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ṣọ́ bọ́tìnnì, kó sì máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó ń gbé fídíò. Tí ẹ bá ra bọ́ọ̀dù Arduino tó ní ṣíìpù ATmega32U4, bíi Leonardo, kíbọ́ọ̀dù ni kọ̀ǹpútà máa pè é, wàhálà á dínkù.

Èkejì, fóltì 3.3 ni ẹsẹ̀ (pin) Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó lè gbé fídíò, ń gbà, kì í ṣe 5. Mo ti jó ọ̀kan rí. Mo sì mọ òfin náà dáadáa kí n tó jó o.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ẹsẹ̀ bọ́tìnnì sílẹ̀ lófo. Ẹ kọ INPUT_PULLUP sínú kóòdù Arduino, kí resistor inú bọ́ọ̀dù lè di ẹsẹ̀ náà mú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnnì. Tí wáyà bá gùn, tó tún gba ẹ̀gbẹ́ wáyà iná kọjá, resistor tó wà nínú bọ́ọ̀dù kò ní lágbára tó, ẹ fi resistor mìíràn kún un láti ìta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fídíò á máa yí padà nínú yàrá tí kò sí èèyàn, olùṣọ́ á ní iwin ti wọlé.

Bọ́tìnnì tún máa ń gbọ̀n: ìtẹ̀ ẹyọ kan lè dà bí mẹ́fà. Mílísẹ́kọ́ǹdù 50 tó láti fi dúró dè é.

Breadboard, pátákó oníhò tí a kàn ń ki wáyà bọ̀, wà fún ìdánwò. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì ìjórin (solder) jó iṣẹ́ yín pọ̀.

Ọmọdé á tẹ̀ ẹ́, á sá lọ. Fídíò gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà padà síbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó yá, ibi tó ń dùn mí rèé: iná. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mùsíọ́mù lálẹ́ kì í wá ibi tí wọ́n kọ shutdown sí. Súwíìsì ara ògiri ló ń já wálẹ̀, gbogbo yàrá á ṣókùnkùn, ó ti lọ sílé. Kò ṣẹ̀ yín o, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, tí ẹ ki káàdì SD tó ṣì ń kọ nǹkan lọ́wọ́ bọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n máa pa bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́; bí iná bá lọ lójijì bó ṣe ń kọ ọ́, ohun inú káàdì lè bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí láàárọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ iléèwé ti tò sẹ́yìn mi, lẹ́tà funfun wà lójú sikirínì dúdú, èmi dojú bolẹ̀ lábẹ́ àpótí, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ti ṣe nígbà méjèèjì àkọ́kọ́? Káàdì tó wọ́n jù ú lọ ni mo lọ rà. Ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀: Overlay File System, inú raspi-config, ètò tí a fi ń tún Raspberry Pi tò, ló wà. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá kọ á dúró sínú RAM, á sì bá iná lọ, káàdì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ fa páwà yọ nígbà 20 bí fídíò ṣe ń lọ lọ́wọ́. Bí àyà yín bá ń já láti fà á, kò tíì ṣe tán nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀keje, mi ò kà á mọ́: millis(), aago inú Arduino tó ń ka mílísẹ́kọ́ǹdù láti ìgbà tí a ti tàn án, máa ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49 àti wákàtí 17. Lẹ́yìn tí káàdì ti fojú mi rí màbo, mo bẹ mùsíọ́mù kejì pé kí wọ́n má pa ẹ̀rọ náà láéláé. Wọ́n gbọ́. Mo sì ti kọ ọ́ sínú kóòdù pé kó gba ìtẹ̀ nígbà tí millis() bá ju igbaTite (àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn) + 50 lọ. Nígbà tó di àádọ́ta ọjọ́, gbogbo bọ́tìnnì kú fin-ín-fin-ín, torí aago ti padà sí òdo, igbaTite sì ṣì jẹ́ nọ́ńbà ńlá. Ìyọkúrò ló yẹ kí n ṣe: millis() - igbaTite >= 50. Mo ti ń di irinṣẹ́ mi nígbà tí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn wọn pè mí pé kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu, òun ti já súwíìsì ara ògiri wálẹ̀, òun ti gbé e padà, ó ti ń ṣiṣẹ́.