Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pe odò alààyè ní òkú

Owó tí mo ná sórí àwọn àwòrán ńláńlá náà ṣì ń dùn mí. Àbùùbùtán wà níbẹ̀, béárì orí yìnyín wà níbẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì gba máàkì tó jọjú. Ìgbà tí mo wá bi wọ́n pé kí ló ń gbé inú odò kékeré ẹ̀yìn kíláàsì wa, wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan. Ìdọ̀tí ni." Ọjọ́ yẹn ni mo já àwòrán kúrò lára ògiri.

Bí a ṣe gba àṣẹ tí a sì wọ bàtà òjò, ìyẹn ò le. Wíwá ẹ̀dá inú omi ló dá wa dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! A ju àwọ̀n sójú omi, òfo. A tún jù ú, ewé jíjẹrà. Nígbà tó sú mi, mo kéde pé odò náà ti kú, pé ajílẹ̀ tí àgbàrá ń gbé wá láti inú oko ló pa á: ajílẹ̀ a máa mú kí ewé omi pọ̀ lápọ̀jù, bí wọ́n bá kú tí wọ́n ń jẹrà, ọ́síjìn inú omi á tán. Àlàyé gidi ni o. Àmọ́ n kò tíì wo ibì kan dáadáa kí n tó ṣe é.

Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló yí òkúta kan padà. Ó pè mí, mo ní kó fi òkúta sílẹ̀ (ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí). Ọmọ lámilámi ló lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, kò tíì níyẹ̀ẹ́. Mẹ́rin mìíràn wà nínú ewé jíjẹrà tí mo ti ń gbọ̀n dànù!

A gbé ọ̀kan sínú abọ́ funfun tó lómi. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ orí. Bí kòkòrò kan ṣe kọjá, ó nà án jáde, ó gbá a mú. Ìdí ló fi ń mí, ibẹ̀ náà ló ti ń tu omi jáde bó bá fẹ́ sá. Ẹ̀rín pa wá, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé.

Bí mo bá tún un ṣe, n kò ní ra àwọ̀n. Abọ́ funfun tó. Kí ẹ sì dá òkúta padà bí ẹ ṣe bá a, òrùlé ẹlòmíràn ni.

Mo ní kí wọ́n kọ ìtàn bí ẹni pé àwọn ni ọmọ lámilámi yẹn. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ kọ ọ́ pé: "Ẹsẹ̀ tíṣà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo sá pamọ́." Ọ̀gá mi kà á tán, ó bi mí pé máàkì mélòó nìyẹn.